Sí Olóòtú: Ẹ bá wa ka àgírímẹ́ǹtì ilé ní Yorùbá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dọ̀ onídìrí ni mo ti rí ìwé ìròyìn yín, ó ti dì mí dé ìdajì orí, ìdajì kejì ṣì wà ní títú sílẹ̀, ni mo bá rí lẹ́tà arákùnrin kan níbẹ̀ tó ní gbogbo éjẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn wá ilé l'Ékòó, olè ni wọ́n, kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Bí mo ṣe kà á sókè báyìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á, onídìrí mi gbà á lẹ́nu mi, ó ní wọ́n jẹ òun ní 20,000 lọ́dún tó kọjá, èyí tó wà lábẹ́ dráyà sọ tiẹ̀, ìyá tó kiri ẹ̀wà wọlé náà sọ tiẹ̀, mo bá dákẹ́ síbẹ̀ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu torí kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá onílé mójú tó ilé, tó ń gba owó ilé fún wọn, tó sì ń bá wọn wá ayálégbé. Ìyánà Ìpájà sí Agége sí Ògbà, àdúgbò wa nìyẹn. Mi ò ní dárúkọ wọn torí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun, ẹ̀yin náà ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tẹ orúkọ mi.

Mi ò wá bá yín jiyàn pé kò sólè láàárín wa. Ó wà o. Àwọn kan wà tí wọn ò ní ọ́fíìsì kankan ju fóònù ọwọ́ wọn lọ, wọ́n á lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á jí fọ́tò ilé tí àwa ń polówó, wọ́n á fi owó tó dín gan-an sí i, wọ́n á gba 5,000 owó ìwòran ilé lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n á sì pa fóònù. Àwọn tó tún wá burú jù ni àwọn tó máa gba owó ilé kan ṣoṣo lọ́wọ́ èèyàn mẹ́fà méje, ọjọ́ tí kálukú bá gbẹ́rù dé ni wọ́n á tó mọra wọn lẹ́nu géètì. Ó ṣẹlẹ̀ ní ilé tó kọjú sí ọ̀kan nínú àwọn ilé wa, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ló tò síwájú géètì láàárọ̀ Sátidé kan, ọmọ ìkókó ń sunkún nínú ọ̀kan. Ẹni tó bá pe irú àwọn yẹn lólè, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí yàtọ̀ síyẹn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì tí kò sólè níbẹ̀ ni, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń já rìsíìtì, tí lọ́yà wà, tí gbogbo nǹkan wọn bá òfin mu.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí ná. Aago méje ààbọ̀ ni mo máa ń ṣí ọ́fíìsì. Pátákó kan wà lára ògiri tí a gbá ìṣó sí, kọ́kọ́rọ́ ló kún ara rẹ̀ bámúbámú, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tiẹ̀, ẹni tó bá wọlé á rò pé àwa la nilé. Kí n tó gbé báàgì sílẹ̀ fóònù ti ń dún. Fúláàtì òkè ní púńpù ò gbómi. Tìsàlẹ̀ ní sọ́kàwéè ti kún, ó ti ń ṣàn lọ sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Ẹnì kan ní jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò òun ń rọ èéfín wọ yàrá ọmọ òun. Ìyàwó ilé kan ń pariwo pé wọ́n ti já wáyà iná òun, a débẹ̀, a rí i pé àwọn NEPA ló já a torí ọkọ ẹ̀ ti gba ẹ̀yìn mítà. Onílé tó wà ní London á ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp láàárín òru, ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko, ó ń bèèrè pé kí ló dé tí owó òun ò tíì wọlé, kó tó parí á ní kí n lọ ya fọ́tò òrùlé òun ránṣẹ́ torí ẹnì kan sọ fún òun ní ṣọ́ọ̀ṣì pé páànù ti ń jò. Ta ló máa gun òrùlé? Èmi náà ni, àfi tí mo bá rí kápẹ́ńtà bẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ ìwòran ilé. Tí ẹ bá rí mi lọ́jọ́ náà ẹ lè má dá mi mọ̀, bàtà pẹlẹbẹ, agboòrùn lọ́wọ́, omi inú ọ̀rá nínú báàgì, mo lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà lẹ́ẹ̀mẹjọ kílẹ̀ tó ṣú. Àwọn kan á kó gbogbo ẹbí wá, ìyá ìyàwó á yọjú sí kíṣìnnì, á ní ibí yìí ò gba ọlọ, wọ́n á lọ, a ò tún ní gbúròó wọn mọ́. Ìbéèrè méjì ni gbogbo wọn kọ́kọ́ máa ń bi mí, ṣé omi kì í wọlé tójò bá rọ̀, báwo niná ṣe rí. Ti iná yìí ti wá di nǹkan míì láti oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n ti fowó kún ti Band A, àwọn yẹn ló yẹ kí wọ́n máa rí iná wákàtí 20 lójúmọ́, onílé tí ilé ẹ̀ bá bọ́ sí Band A á ní ká kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìpolówó, á tún fowó lé e, bẹ́ẹ̀ àwọn ayálégbé kan ń sá fún un bí ẹni ń sá fún àrùn torí owó tí mítà ń jẹ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ni ti èmi obìnrin pẹ̀lú ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí nínú ilé òfìfo. Mo ti gbọ́n sí i. Mi ò kí ń jẹ́ kí ilẹ̀kùn tì lẹ́yìn mi, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí tó bá ń wo yàrá, kí n sì tó ṣílẹ̀kùn rárá mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wa kọ́ ló kọ́ mi, àwa obìnrin tó wà nídìí iṣẹ́ yìí la kọ́ ara wa.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ irú ẹni tí onílé fẹ́ àti irú ẹni tí kò fẹ́. Kò fẹ́ lọ́yà. Kò fẹ́ ọlọ́pàá, kò fẹ́ sọ́jà. Kò fẹ́ oníròyìn, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ o, Olóòtú. Omíràn á ní òun ò fẹ́ ẹ̀yà báyìí báyìí, omíràn ò fẹ́ ẹni tó ní ju ọmọ méjì lọ, omíràn ò fẹ́ obìnrin tí ò lọ́kọ, bó ti wù kówó rẹ̀ pé tó. Onílé kì í sọ ọ́ fún ayálégbé fúnra ẹ̀ láéláé, èmi ló máa sọ fún, èmi ni kí n lọ wá bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé "ẹ má bínú, wọ́n ti gbà á lánàá." Irọ́ yẹn, mo ti pa á débi pé tẹ́nì kan bá bi mí báyìí bóyá wọ́n ti gbà á lóòótọ́, màá kọ́kọ́ ronú ná. Èmi gan-an tí mò ń kọ̀wé yìí, mi ò tíì lọ́kọ, ìdajì àwọn ilé tí kọ́kọ́rọ́ wọn wà lọ́wọ́ mi, wọn ò lè fún mi gbé.

Bí wọ́n bá tiẹ̀ fẹ́ fún mi náà ńkọ́? Ká ní onílé ní 800,000 lọ́dún ni rúùmù àti pálọ̀ òun. Kọmíṣọ̀n tiwa, 80,000. Àgírímẹ́ǹtì, 80,000. Kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó tí wọ́n ń dì mú nítorí ohun tó bá bàjẹ́, 100,000. Ó ti di 1,060,000, ẹ ò tíì ra búlọ́ọ̀bù kan. Tiwa tiẹ̀ tún dáa, àwọn mìíì ń gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn mìíì ogún, bẹ́ẹ̀ LASRERA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé àti éjẹ́ǹtì, ti pariwo títí pé kọmíṣọ̀n ò gbọ́dọ̀ kọjá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá gbọ́ 1,060,000 á tẹjú mọ́ mi bíi pé ilé mi ni mò ń gbé e lọ. Owó oṣù mi, 80,000 ni. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ sọ di òfin ní 2024, 70,000 ni, mo fi 10,000 jù ú lọ, ẹ bá mi yọ̀. Tí mo bá bá wọn rẹ́ni gba ilé yẹn, nínú 80,000 kọmíṣọ̀n, 4,000 ni wọ́n á yọ fún mi. Kí n má jẹun, kí n má wọkọ̀, kí n má ra káàdì fóònù, oṣù mẹ́wàá gbáko ni màá fi kó owó ilé tí mò ń fi han èèyàn jọ, a ò tíì ka ti àgírímẹ́ǹtì. Yàrá kan ní ilé fésì-mí-àì-fésì-yú ni mò ń gbé ní Alágbàdo, èèyàn mọ́kànlá ló ń lo balùwẹ̀ méjì, tí n kò bá tètè jí ju aago márùn-ún lọ ìdúró ni màá wà pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Gbogbo onílé kọ́ ló burú náà. Màmá kan wà tó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fúláàtì mẹ́rin ló fi ọdún mẹ́tàdínlógún kọ́, díẹ̀díẹ̀, búlọ́ọ̀kù ọgọ́rùn-ún lọ́dún yìí, páànù lọ́dún mìíì, ohun tó ń jẹ nìyẹn. Ayálégbé fúláàtì kẹta jẹ ẹ́ lówó ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, ó kó jáde lóru, ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri lọ, ó tún gbé ilẹ̀kùn balùwẹ̀ lọ. Kí lèèyàn ń fi ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ṣe? Ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ni o, ìgbà tí àpò sìmẹ́ńtì kan fò kọjá 10,000 láwọn ibì kan. Màmá jókòó ní ọ́fíìsì wa, wọ́n ń fi etí gèlè nu ojú. Torí náà tí onílé bá ń bẹ̀rù ayálégbé, mo mọ ibi tó ti wá.

Ibi tí mò ń lọ nìyí. Àgírímẹ́ǹtì.

Ojú ewé méje ni tiwa, òyìnbó látòkè délẹ̀, òyìnbó lọ́yà. Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀ ẹ̀dà kan náà ló wà nínú kọ̀ǹpútà, orúkọ, àdírẹ́sì àti iye owó nìkan là ń pààrọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mo ti parí ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni 80,000 àgírímẹ́ǹtì o. Ohun tó wá ya èmi lẹ́nu ni pé ẹni tó san 80,000 lórí ìwé kì í ka ìwé ọ̀hún. Ohun tí wọ́n ń bi mí ò ju "ibo ni kí n sáìn sí?" lọ, màá fìka hàn wọ́n, wọ́n á sáìn, ó parí, wọ́n á na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Èèyàn tó kà á tán kó tó mú báírò láti ọdún mẹ́fà yìí, ìka ọwọ́ mi kan ti tó láti kà wọ́n.

Bàbá télọ̀ wà lára àwọn tí mo fìka hàn. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà nínú rúùmù àti pálọ̀ kan lÁgége, sọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé náà gan-an, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń rán aṣọ. Ọjọ́ tí mo lọ gba owó ọdún lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní "Ọmọ mi, jókòó, mumi ná," ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì lójú mi, kò jẹ gbèsè rí. Nígbà tí bàbá onílé kú, àwọn ọmọ gbé ilé náà wá sọ́dọ̀ wa, ọ̀gá wa ní kí gbogbo ayálégbé fọwọ́ sí àgírímẹ́ǹtì tuntun. Bàbá ò ka òyìnbó. Ó bi mí pé kí ló wà níbẹ̀. Mo ní "Bàbá, nǹkan kan náà ni, owó tí ẹ ń san tẹ́lẹ̀ náà ni." Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún un, ohun tí mo rò lóòótọ́ nìyẹn, torí èmi tí mò ń tẹ ìwé náà jáde lójoojúmọ́, mi ò kà á dé ojú ewé karùn-ún rí.

Ojú ewé karùn-ún ni wọ́n kọ ọ́ sí pé nótíìsì oṣù kan ti tó láti ní kí ayálégbé kó jáde.

Òfin ayálégbé ti Èkó, èyí tí Gómìnà Fashola fọwọ́ sí ní 2011, ní ẹni tó ń san owó ọdún, nótíìsì oṣù mẹ́fà ló yẹ kó gbà, ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tún fún un ní ti ọjọ́ méje kí onílé tó gbé e lọ sí kóòtù. Àmọ́ gbólóhùn kékeré kan wà níwájú gbogbo ìyẹn, òfin ní ìgbà tí àwọn méjèèjì ò bá ti fẹnu kò sórí nótíìsì mìíì ni o. Ibẹ̀ ni lọ́yà ń gbà wọlé. Ìwọ tó o bá ti sáìn sí oṣù kan, o ti fọwọ́ ara rẹ pa oṣù márùn-ún rẹ́ nìyẹn, o ò sì mọ̀, o ti gba kọ́kọ́rọ́, o ti ń ṣe ìdúpẹ́. Kò sólè níbẹ̀. Ó bá òfin mu.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn tí Bàbá sáìn, àwọn ọmọ onílé ní àwọn fẹ́ ta ilé. Èmi ni wọ́n fún ní lẹ́tà pé kí n lọ fi jíṣẹ́. Ó wà nídìí máṣìnnì, ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á ní Yorùbá. Ó yọ téèpù kúrò lọ́rùn, ó ká a rọra, ó ní "Oṣù kan? Pẹ̀lú aṣọ ẹbí èèyàn méjìdínlógún tó wà nílẹ̀ yìí?" Ó tún dákẹ́ díẹ̀, kò pariwo o, ó wá bi mí, "Ṣé èyí náà wà nínú èyí tí o ní kí n sáìn?"

Mi ò rántí ohun tí mo fi dá a lóhùn. Ohun tí mo rántí ni pé ẹ̀yìn sọ́ọ̀bù ni mo gbà jáde torí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń wò mí.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ onílé wá sí ọ́fíìsì, ó ní tí Bàbá bá fi lè lo ọjọ́ kan lé e òun á yọ páànù lórí ẹ̀. Mo ti lọ ka òfin yẹn nígbà náà, gbogbo rẹ̀, lórí fóònù, lóru, mo bá sọ fún un pé ẹni tó bá tú ilé lé ayálégbé lórí láìgba àṣẹ kóòtù lè san owó ìtanràn tó tó 250,000 tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ọ̀gá wo mí. Ọmọ onílé náà wò mí. Ilẹ̀ ọjọ́ yẹn ṣú, mo yọ káàdì ilé-iṣẹ́ kúrò lọ́rùn mi, mo lọ bá Bàbá, mo ní kó lọ sí Citizens' Mediation Centre, ọ̀dọ̀ ìjọba Èkó níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn parí ìjà láì gba kọ́bọ̀, kó má sì sọ pé èmi ni mo rán an. Wọ́n pe àwọn ọmọ onílé, wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fẹnu kò sí oṣù mẹ́rin. Bàbá rí aṣọ ẹbí yẹn parí, ó rí ibì kan gbà ní Sáńgò. Mo ṣì ń rán aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ méjì ni mò ń wọ̀ débẹ̀ báyìí. Tẹ́lẹ̀ kì í gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ti ń gbà á.

Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síwájú mi, màá kọ́kọ́ ka àgírímẹ́ǹtì náà fún un ní Yorùbá kó tó mú báírò. Kò rọrùn níbẹ̀rẹ̀, mo ń kọsẹ̀, mo ń bi ara mi pé kí ni wọ́n ń pe èyí, ṣùgbọ́n mo wá rí i pé ohun tí lọ́yà fi ìlà mẹ́sàn-án sọ, gbólóhùn kan ni tó bá di Yorùbá. "Ohun tí ẹ bá bà jẹ́, inú kọ́ṣọ̀n la ti máa yọ ọ́, àwa náà la máa sọ iye tó jẹ́." "Tó bá wu onílé, ó lè fowó kún un, kò ní bi yín." Bí mo bá ti sọ ọ́ báyìí ojú èèyàn á là, á ní "ẹ dúró ná." Wọ́n ti gbọ́ ọ rí ní òyìnbó, wọ́n kàn ń mi orí ni. Ìyá ẹlẹ́ja kan ní tí a ò bá sọ oṣù kan yẹn di mẹ́ta òun ò san kọ́bọ̀, ó jókòó síbẹ̀ ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ra títí ọ̀gá fi pe onílé, onílé sì gbà, torí ilé yẹn ti ṣófo láti oṣù méjì. Nọ́ọ̀sì kan tó ń san owó sáfíìsì, ìyẹn owó omi àti ti máíguàdì, ní òfin yẹn kan náà sọ pé oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló yẹ kí wọ́n máa kọ ìṣirò fún òun bí wọ́n ṣe ná an. Òótọ́ ló sọ, ó wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bèèrè. Ọjọ́ mẹ́rin la fi wá rìsíìtì dísù kiri inú dúrọ́ọ̀.

Ọ̀gá mi ò dùn sí i. Ó ní "Ṣé ilé-ìwé àwọn àgbà lo dá sílẹ̀ níbí ni?" Kì í ṣe èèyàn burúkú o, òun ló san owó ọsibítù nígbà tí ìyá mi ṣàìsàn, mi ò sì ní gbàgbé. Ó jókòó, ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé tí àwọn onílé bá gbọ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni ayálégbé ti ń kọ́ ẹjọ́, wọ́n á kó ilé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, ilé tí wọ́n bá sì kó lọ, owó oṣù mi ni. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ó wá fòfin dè é, ó ní kí n máa fún wọn ní ìwé náà gbé lọ sílé kí wọ́n lọ kà á fúnra wọn, n ò gbọ́dọ̀ ka ojú ewé kan fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó, tó bá gbé òyìnbó délé, ta ló fẹ́ kà á fún un? Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀?

Olóòtú, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn, kì í ṣe torí arákùnrin tó pè wá lólè. Ẹ fún wa ní ojú ewé kan, ọ̀sẹ̀ kan péré. Ẹ wá lọ́yà kan tó gbọ́ Yorùbá dénú, kí ẹ jọ fi ẹnu ọjà tú òfin 2011 yẹn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ ọ́ níbẹ̀ pé onílé ò gbọ́dọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àti pé ẹni tó san án náà jẹ̀bi bí ẹni tó gbà á, 100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, èmi sì rò pé ohun tó jẹ́ kí gbogbo ẹni tó san ọdún méjì máa dákẹ́ nìyẹn, wọ́n ń bẹ̀rù ara wọn. Ẹ sọ pé rìsíìtì kì í ṣe ojú rere, onílé tí kò bá já a lè san 10,000 owó ìtanràn. Ẹ má gbàgbé láti sọ pé òfin náà yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, kí ẹnì kan má lọ fi ìwé ìròyìn yín jà níbẹ̀ kó wá jẹ̀bi. Ti nótíìsì oṣù mẹ́fà yẹn sì rèé, ẹ fi gbólóhùn kékeré tó wà níwájú rẹ̀ sí i, ẹ má fò ó, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú Bàbá télọ̀.

Tí àyè bá ṣì kù, ẹ kọ ibi tí èèyàn lè gbé ẹjọ́ lọ láìsan owó.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ́tà inú rẹ̀ tóbi díẹ̀, torí àwọn àgbà tó ń wá sọ́dọ̀ wa kì í sábà mú awò dání. Ọ̀gá ní kí n má kà á fún ẹnikẹ́ni mọ́. Kò tíì sọ pé ìwé ìròyìn ò gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì mi.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń gbalé fún èèyàn,
Ìyánà Ìpájà, Èkó.